Ọgbọ́n Ìkòkò Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ Ìjọba

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀lé e, ebi yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ìṣẹ́ bùṣe nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá délẹ̀, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni àwọn tó rí jẹ máa ń gba àwọn tí kò rí jẹ: kí wọ́n ṣọ́ owó ná, kí wọ́n máa ra ohun tí apá wọn ká, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọjà ló dé. Àwọn tí wọ́n ń gbà á fún ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Ní Èkó, ìyá tó máa ń ra ìrẹsì ní rọ́bà ti padà sí dẹ́ríkà, ẹni tó sì ń ra dẹ́ríkà ti padà sí agolo mílíìkì. Ní Ìbàdàn, pọ̀nmọ́ àti irú ti gba ipò ẹran nínú ọbẹ̀. Ní Enugu, ọkpa ló ń gbé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ní Kano àti àwọn ìlú mìíràn ní Àríwá, ìròyìn gba ìlú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 pé àwọn ènìyàn ti ń se afafata jẹ, ìyẹn ìrẹsì fífọ́ tí àwọn ọlọ́lọ̀ máa ń yà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì máa ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja. Ta ni yóò wá kọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìṣọ́wóná?

Òótọ́ ni pé ọgbọ́n wà nínú oúnjẹ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Ẹni tó bá se àdàlú ti se oúnjẹ tó pé, nítorí ohun tí àgbàdo kò ní lára, ẹ̀wà ní in. Wàrà sóyà, ẹ̀pà, kulikúlì tí wọ́n pò mọ́ ewé zogale, edé àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n gún sínú ẹ̀fọ́, gbogbo wọn ló ń ṣe ara lóore láìjẹ́ pé wọ́n gbówó lórí bí ẹran màlúù. Obìnrin mẹ́rin tó dáwó jọ ra àpò ẹ̀wà kan, tí wọ́n sì pín in, yóò jẹ èrè tí alágbàtà ì bá jẹ. Ẹni tó ra ata àti tòmátì lásìkò tí wọ́n pọ̀, tó sì sá wọn gbẹ, yóò rí nǹkan fi se ọbẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n. Ọgbọ́n yìí kò tíì parí nínú ilé ìdáná wa. Owó tí a fi ń lò ó ló ń parí.

Ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Lóṣooṣù ni àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, máa ń wá iye tó kéré jù lọ tí àgbàlagbà kan lè fi jẹ oúnjẹ aṣaralóore lóòjọ́, kì í ṣe oúnjẹ àsè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, iye náà ti lé ní 1,200 náírà. Oṣù tó tẹ̀lé e ni Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 70,000 náírà láti 30,000 tó ti wà láti ọdún 2019. Bí a bá pín 70,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, nǹkan bíi 2,333 náírà ni yóò kan ọjọ́ kan. Oúnjẹ ọkọ àti aya nìkan ti ju 2,400 lọ. A kò tíì ka ọmọ kankan, a kò tíì san owó ilé, òṣìṣẹ́ náà kò tíì wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ra èédú tí wọn yóò fi dáná. Ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún gan-an nìyí. Alágbàṣe àti ọmọ iṣẹ́ tí òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn ńkọ́?

Ibi tí mẹ̀kúnnù ti máa ń sá sí pàápàá ti di ibi ìnira. Ẹ̀wà ni ẹran tálákà, ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kẹjọ ọdún 2023 sí oṣù Kẹjọ ọdún 2024, iye owó kílò ẹ̀wà pupa kan di ju ìlọ́po mẹ́ta lọ gẹ́gẹ́ bí àjọ NBS ṣe kà á. Bí ìyá bá ti bu omi kún ọbẹ̀ títí tí omi kò ṣeé bù mọ́, ara ọmọ ni yóò san ìyókù. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní ọdún 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 40 ni kò ga tó bí ọjọ́ orí wọn ṣe yẹ kó rí. Ní ọdún 2018, 37 ni wọ́n. Ìyà ọ̀pọ̀ ọdún ni, kì í ṣe ti ìjọba kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìjọba tó wà lórí oyè ni ó yẹ kó dá a dúró.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ti gbìyànjú. Lóòótọ́, ní oṣù Keje ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde ọ̀rọ̀ oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí pàjáwìrì. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba kéde àádọ́jọ ọjọ́ tí wọn kò ní í gba owó ẹnubodè lórí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà tó bá wọlé láti òkè òkun. Nígbà tó sì di ọdún 2025, iye owó àwọn oúnjẹ kan wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ọkà wọn kò pa owó tí wọ́n fi gbìn ín, nítorí ajílẹ̀ àti dísù kò bá a wálẹ̀. Ìjọba tó fi oúnjẹ òkèèrè nìkan pẹ̀tù sí ebi dà bí àgbẹ̀ tó se èbù iṣu rẹ̀ jẹ: yóò yó lónìí, kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Àgbẹ̀ tó wà ní Zamfara àti Katsina ṣì ń sanwó fún àwọn agbébọn kó tó lè wọ oko rẹ̀. Tòmátì tó ń bọ̀ láti Kano sí Mile 12 ṣì ń fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbowó lójú pópó kò dín kù. Kò sí bí ìyàwó ilé ṣe lè fi ọgbọ́n ìdáná yanjú ìwọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí òwe náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa á. Ní ọdún 2023 kan náà tí wọ́n ní kí ará ìlú fún ìgbànú mọ́ra, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ra ọkọ̀ jíìpù olówó ńlá fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n dá ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dúró nítorí ìwádìí owó. Ó yẹ kí wọ́n wádìí owó, ṣùgbọ́n ọmọ kọ́ ló jí i. Ìyá wo ni yóò ra aṣọ tuntun, tí yóò wá dín oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kù kí owó lè tó?

Ohun tó yẹ kí a béèrè kò nira. Kí oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé fìdí múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀, kí ó jẹ́ ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àdúgbò ni wọn yóò ti máa rà á, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò owó náà síta fún gbogbo ènìyàn. Òfin ọdún 2024 ti ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún owó oṣù tó kéré jù lọ yẹ̀ wò. Kí iye oúnjẹ aṣaralóore tí NBS ń kà wà lára ohun tí wọn yóò fi díwọ̀n rẹ̀. Kí owó ààbò dé oko, kó má tán sí Abuja.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra, àti ní Maitama, Abuja. Àìmọ̀wóná kọ́ ló gbé wọn débẹ̀ ní kùtùkùtù. Ṣe ni wọ́n ti ṣọ́ owó ná títí tí kò fi sí ohun tí wọn yóò ṣọ́ mọ́. Ìdìbò ọdún 2027 kò jìnnà, àpò ìrẹsì kéékèèké yóò sì tún dé ẹnu ọ̀nà. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á kọ́kọ́ bi ẹni tó gbé e wá pé ọjọ́ mélòó ni yóò jẹ ẹ́, àti pé kí ni ìdílé rẹ̀ yóò fi ọdún mẹ́rin ìyókù jẹ.