Yíyó Kọ́ Ni Jíjẹun



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá mi dúró ní Ṣàngótẹ̀dó. Kí n tó dé ilé ní Awoyaya, mo ti jẹ sọ́séèjì méjì, mo sì ti fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní àdúgbò wa pè mí: “Ọmọ mi, ṣé o ò ní jẹun ni?” Mo ní, “Ẹ ṣé, Mà, mo ti yó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Yíyó kọ́ ni jíjẹun o.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin jẹ́ awakọ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n sì fi oṣù mẹ́jọ mu àgbo. Kí a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ìfun ńlá ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ẹni ọdún 41 ni wọ́n nígbà tí a sin wọ́n. N kò lè sọ pé oúnjẹ ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé nípa ìfun.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ìfun ńlá wa náà kún fún kòkòrò àìfojúrí, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá. Apá oúnjẹ tí ikùn wa kò lè lọ̀, èyí tí à ń pè ní fáíbà, ni oúnjẹ tiwọn. Ó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àgbàdo àti èso. Wọ́n a sọ ọ́ di èròjà butyrate, tí ara ìfun fi ń gba agbára. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ wa ńkọ́? Òróòro a pọ̀ nínú ìfun, àwọn kòkòrò mìíràn a sì sọ ọ́ di èròjà tó lè ba ìfun jẹ́.

Ní ọdún 2015, Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ àwọn 20 Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú ti àwọn 20 ará ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fáíbà àwọn ará Amẹ́ríkà gòkè láti gíráàmù 14 sí 55 lójúmọ́; ti àwọn ará Áfíríkà já wálẹ̀ láti 66 sí 12. Butyrate àwọn ará Amẹ́ríkà di ìlọ́po méjì àbọ̀. Ti àwọn ará Áfíríkà dín kù sí ìdajì. Jẹjẹrẹ kò mú ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà. Àmì ewu rẹ̀ ni wọ́n ń wò, ó sì yí padà níhà méjèèjì.

Ní ọdún náà gan-an, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka sọ́séèjì àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun.

Oúnjẹ nìkan kọ́ o. Ọjọ́ orí àti ìdílé náà ní ipa tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí kí dókítà tó yẹ̀ yín wò.

Lánàá, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà. Mo ní kí wọ́n bù ú kó kún dáadáa, nítorí èmi nìkan kọ́ ni mò ń jẹun.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.