Ẹ Fi Iwobi Lọ́rùn Sílẹ̀

Ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà parí sí Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024. Nínú àṣekágbá náà, Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún àwa Nàìjíríà. Kessié ti Côte d'Ivoire dá a padà, Haller, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì na ẹsẹ̀ gbá èkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 81. Ó dùn wá wọra. Àmọ́ èébú tí àwọn kan rọ̀jò rẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù wa, Alex Iwobi, lórí lẹ́yìn ìgbà náà burú jáì. Ṣé òun nìkan ló wọ pápá ni? Nígbà tí Nwabali, aṣọ́lé wa, mú pẹnáritì méjì lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà ṣáájú àṣekágbá, gbogbo wa la jọ jó. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìsọkúsọ sí Iwobi, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì tọrọ àforíjì.