Ta Ni Yóò Ro Ẹjọ́ Olùgbé?

Òǹdíje tí ó bá wá tọrọ ìbò ní Sábóngàrì ní ìbéèrè kan láti dáhùn: bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá lẹ̀dí àpò pọ̀ láti fi owó kún ọjà, ta ni yóò ro ẹjọ́ ẹni tí ó ra ọjà náà?

Nígèríà kò ṣaláìní òfin. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ka irú ìdìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì gbé idà lé àjọ FCCPC lọ́wọ́. Idà náà mú. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ náà bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp, pé ó ṣi agbára rẹ̀ lò lórí ọjà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ fi òǹtẹ̀ lu ìdájọ́ náà. Iṣẹ́ akin ni. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn kì í ṣe owó gbà-má-bínú: àpò ìjọba ni ó ń lọ.

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ẹni tí òfin dí lọ́wọ́ láti pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ amòfin nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́jà. Bí wọ́n bá fi náírà 200 lé owó àpò sìmẹ́ńtì kan, owó ọkọ̀ bíríkìlà dé kóòtù yóò ju èyí tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lọ. (Bí ó bá tilẹ̀ rí owó ọkọ̀, ta ni yóò bá a ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú?) Ohun tí àwọn arẹ́nijẹ gbójú lé gan-an nìyẹn: kí wọ́n já díẹ̀díẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, kí ti ẹnì kan ṣoṣo má tó ohun tí à ń pe ẹjọ́ sí.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni òfin ti fún agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti pe irú ẹjọ́ yìí lórúkọ àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì béèrè ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá Apple lẹ́bi pé ó lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wéjáde márùn-ún lórí owó ìwé orí ẹ̀rọ, ìpínlẹ̀ àti agbègbè 33 ni ó wà lẹ́yìn àwọn òǹràwé. Ní ọdún 2016, 400 mílíọ̀nù dọ́là di ti àwọn tí ó ra ìwé. Wọn kò ní láti gba amòfin.

Kí Yorùbá tí ń gbé ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Mínà kíyè sí ọ̀rọ̀ kan nínú òfin ọ̀hún. Olùgbé ni ó pè é. Kò béèrè ìlú tí baba ẹni ti wá. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀, ìwé tí a fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí wọn kò mọ ibòmíràn. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀, tí ó sì ra ọjà, ìjọba ibẹ̀ lè ro ẹjọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí a bi òǹdíje ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bóyá yóò gbé àbá dìde láti ṣe àtúnṣe sí òfin 2018, kí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ lè pe ẹjọ́ fún gbogbo olùgbé, kí owó sì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Kí a bi òǹdíje gómìnà, ẹni tí yóò yan agbẹjọ́rò àgbà náà, bóyá ti olùgbé ni yóò jẹ́ tàbí ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Èyí tí ó bá ní òun yóò lọ rò ó wò, kí a bi í ní ọjọ́ tí yóò mú èsì wá, nítorí ọjọ́ ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀.