Kí A Tó Dáwó Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá kò tíì tán. Àwọn kan ní kí á dáwó ra kọ̀ǹpútà tuntun fún ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti di ìgbín. Wọn kò purọ́. Nígbà tí a fẹ́ gbé òkú àgbà wa kan lọ sílé, àwọn ọmọ olóògbé dúró títí kí a tó rí i nínú ìwé bóyá bàbá wọn san owó ẹgbẹ́ pé. Ojú tì wá lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé kọ̀ǹpútà náà ti kú. Dísìkì inú rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn. Àwo ló wà nínú irú dísìkì àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń yí bí àwo giramafóònù, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń sáré lórí rẹ̀ wá ohun tí a béèrè. Èyí tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní àwo, kò ní apá. Kí apá yẹn tó wá nǹkan kàn, SSD ti gbé e jáde.

Kí ẹni tí a óò rán lọ sọ́jà má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tan òun jẹ. SSD tí wọ́n ń pè ní NVMe lè ka 3,500 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òmíràn tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti SATA kò kọjá nǹkan bí 550. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wa kò ní ojú ihò tí a ń ki NVMe bọ̀. SATA oní-íǹṣì 2.5 ló gbà, ìyẹn sì ti tó fún ìwé orúkọ àti ìṣirò owó. 256 GB tó wa, àfi bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ máa kó fíìmù ìgbéyàwó síbẹ̀.

Ayédèrú ló ń bà wá lẹ́rù jù. Àwọn kan ń ta dísìkì tí wọ́n kọ 16 TB sí lára ní owó táṣẹ́rẹ́, tí inú rẹ̀ kò sì tó ìdámẹ́wàá rẹ̀. Yóò máa gba ìwé wọlé bí ẹni pé àyè ṣì wà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ti ń parẹ́. Ẹ wo orúkọ òkú àti alààyè wa nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀! Kí a ra èyí tó ní ìwé ìdánilójú ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí a gba rìsíìtì, kí a sì kó ìwé kún inú rẹ̀ dánwò lọ́jọ́ tí a bá rà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ju dísìkì àtijọ́ nù. SSD lè kú lójijì láìkìlọ̀. Kí akápò fi ti àtijọ́ pamọ́ sínú àpótí, kí akọ̀wé máa ṣe àdàkọ sórí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹjọ́ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tuntun: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, tiwa kò sì lè gba Windows 11. SSD kò wo ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni Linux. Bí a kò bá sì fẹ́ kọ́ ọ, kí á má so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ní ti owó tí yóò ṣẹ́kù, àwọn opó mẹ́ta wà lẹ́ka wa tí a kò tíì fún ní tiwọn.