Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Máa Ròyìn Eré Lórí Rédíò



Ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bi wá léèrè ohun tí òun ìbá ṣe fún ọmọ òun ọkùnrin, ẹni tí ó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́, tí kò sì fẹ́ iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó máa ròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Bàbá ọmọ náà ní ẹnu lásán kì í ṣe iṣẹ́. Àwa kò bá bàbá wí, nítorí ìfẹ́ ọmọ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́ nínú, àti pé ẹni tí ó bá kọ́ ọ dáadáa yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí ni iṣẹ́ náà? Kí a fi ẹnu ṣe ojú fún ẹni tí kò rí ni. Ní ọdún 1923, Foster Hewitt, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Toronto ní Kánádà, fi tẹlifóònù ròyìn eré họ́kì orí yìnyín láti inú àpótí dígí kékeré kan. Èémí rẹ̀ sì bo dígí náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro fún un láti ríran. Láti inú àpótí yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, títí gbogbo Kánádà fi mọ ohùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1927, nígbà tí BBC ròyìn eré rọ́gbì láti Twickenham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú afọ́jú kan wá jókòó nítòsí olùròyìn, H. B. T. Wakelam, pé kí ó máa ṣàlàyé eré náà fún ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, nígbà tí Arsenal pàdé Sheffield United, ìwé Radio Times ti tẹ àwòrán pápá tí a pín sí ọ̀nà 8, kí ẹni tí ó wà nílé lè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí kò rí ni wọ́n ń ṣe àníyàn fún.

Ní ilẹ̀ tiwa, ta ni ó gbàgbé Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria, ẹni tí ó kú ní ọdún 1990? Òun ni ó sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Ọdẹ́gbàmí yìí ni ó gbá 2 wọlé nínú 3 tí Nàìjíríà fi borí Algeria ní Èkó, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980. Àwọn ilé tí kò ní tẹlifíṣọ̀n fi etí wo eré náà.

Ǹjẹ́ níbo ni ọmọ wa yóò ti bẹ̀rẹ̀? Kí ó lọ sí pápá Durbar ní Ọ̀yọ́ tàbí pápá Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí pápá ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà aṣọ wọn sílẹ̀, kí ó sì bi wọ́n bí a ti ń pe orúkọ náà. Nítorí ìyá tí ó gbọ́ tí a ṣi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè kò ní gbàgbé. Kí ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù, kí ó máa sọ iye góòlù àti àkókò lóòrèkóòrè, nítorí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò ni. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí ìyá àgbà gbọ́ ọ. Bí ìyá àgbà bá lè sọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé àti apá ibi tí ó ti wá, ọmọ náà ti ń mọ iṣẹ́. Nígbà náà ni kí ó mú ohùn tí ó gbà náà lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, bí Ajílété FM ní Gàm̀bàrí, kí ó má sì kọ iṣẹ́ kékeré tí wọ́n bá fún un.

Ohun kan ni a fi ń kìlọ̀. Áhímáásì sáré ju Kúṣì lọ, ó sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Dáfídì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba béèrè nípa ọmọ rẹ̀, ariwo ńlá nìkan ni ó ní òun rí. Olùròyìn tí ẹnu rẹ̀ yá, tí kò sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, irú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó má ṣe gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi pa òtítọ́ mọ́.

Sí bàbá, a ní: owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í tó jẹun. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, kí ó sì máa fi ọjọ́ Sátidé lọ sí pápá. Bí ọdún kan bá yí po tí ó ṣì ń lọ, ẹ jókòó tì í, kí ẹ di ojú yín, kí ó sì ròyìn eré kan fún yín. Ohun tí ẹ bá rí nígbà náà ni kí ẹ fi dá ẹjọ́ rẹ̀.