"Pàdánù" Tí Ó Gbé Gbogbo Ọ̀rọ̀ Òfò Mì

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Yorùbá òde òní tí ó ti di apẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń da ohun gbogbo sí. Ọ̀rọ̀ náà ni pàdánù. Ẹni tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, wọ́n ní ó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá dúró níbi iṣẹ́, ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi góòlù méjì nà, òun náà pàdánù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a tilẹ̀ máa kọ ọ́ sínú àròkọ pé ẹnì kan "pàdánù ìrètí", ẹlòmíràn "pàdánù ọ̀nà". Ibi tí gbogbo èyí ti wá kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan, lose, tí ó ń fi ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn oníròyìn àti àwọn olùkọ́ sì ti gbà pé ó di dandan kí Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ìránṣẹ́.

Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n lé pàdánù jáde kúrò nínú èdè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni, ó sì ní ibi tí ó yẹ ẹ́: ọjà tí iná jó mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́, owó tí ó bá gbájúẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀ ni pé ó ń lé àwọn ará ilé kúrò nílé. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà mọ́ ṣìnà. Ẹni tí ó sanra tẹ́lẹ̀ tí kò sanra mọ́ rù. Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹnu rẹ̀ wọhò. Ẹni tí inú bí kọjá ààlà fara ya, ẹni tí kò nírètí mọ́, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Olóṣèlú tí kò wọlé fìdí rẹmi, ẹni tí wọ́n dá nínú ìjàkadì, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Nídìí ọpọ́n ayò, ẹni tí ó ń pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń pa ni òpè. Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni ó ṣòro fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá láti lò?

Ọ̀rọ̀ ikú ni ó burú jù níbẹ̀. Ọba kì í kú, ó máa ń wàjà ni. Àgbàlagbà jáde láyé, tàbí kí ó papò dà. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, ọ̀fọ̀ ni ó ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì kí i pé ẹ kú arafẹ́rakù. Ìyá tí ọmọ ọwọ́ kú mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á sọ fún un pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ìtùnú wà nínú gbólóhùn yẹn, ìrètí ọmọ mìíràn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni ó wà nínú "obìnrin náà pàdánù ọmọ rẹ̀"? Gbólóhùn ọlọ́pàá ni.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn olùkọ́ gírámà kì í sábà tọ́ka sí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ni olùwà gbólóhùn, àfi bí ẹni pé òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ sọ nǹkan náà nù. Yorùbá a máa fi nǹkan náà ṣe olùwà: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ há, àǹfààní fò ó, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi títí tí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí a bá ti sọ pé ó pàdánù rẹ̀, a ti fẹ̀sùn kàn án láìmọ̀.

Àwọn àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ń há sórí nítorí ìdánwò WAEC ńkọ́? Kò sí ibi nínú kíkọ́ wọn, bí wọ́n bá mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ní Yunifásítì Cambridge, ṣíbí onígi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń ṣẹ̀sín ẹni tí ó gbẹ́yìn nínú àwọn tí ó gboyè ìṣirò, títí di ọdún 1909. Ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìtàn yìí yóò rò pé ọmọrógùn ni, nílé rẹ̀ sì rèé, ẹni tí ọmọrógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀gá ìkòkò àmàlà! Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Waterloo, tí àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà kò lè ṣe kí wọ́n má lò nígbàkígbà tí ọwọ́ bá tẹ olè. Ìlú kan ní Belgium ni, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkirun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá lọ já lu odò Ọ̀tìn, omi sì gbé wọn lọ. Orúkọ tí ogun náà ń jẹ́ títí di òní ni Jálumi. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ní Ìkirun gan-an ni ó mọ Waterloo tí kò mọ Jálumi?

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èdè ni ó ń yá ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yá lose face lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọkọ́ ni ó ń yá ọkọ́. Yorùbá ti ní ojú tì í, ó ti ní ẹ̀tẹ́, ó ti ní àbùkù kàn án. Kí ni yóò fi "ó pàdánù ojú rẹ̀" ṣe, bí kì í bá ṣe láti sọ ẹni tí ojú tì di afọ́jú?

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó fún "pàdánù ìrètí" ní máàkì ni ó jẹ̀bi, òun náà sì ni ó lè tún un ṣe láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Kí ó kọ he lost sára bọ́ọ̀dù, kí ó sì ní kí kíláàsì túmọ̀ rẹ̀ láìlo pàdánù. Kí ẹnikẹ́ni tó lè kọ ohunkóhun, àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ ní láti bi í léèrè: kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí i? Ìbò ni, ìjàkadì ni, ọ̀nà ni, àbí ènìyàn rẹ̀ ni ó kú?