Oògùn Ọpọlọ: Ta Ni Yóò Gbé E Dé Kìṣí?

Ọ̀wọ́n oògùn ń ni àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ lára ju bí a ti rò lọ. Ará Bódìjà tàbí Agbowó, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ò jìnnà sí i. Ará Challenge, ilé ìwòsàn Ring Road ló máa lọ. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà ni Kìṣí àti Ṣakí wà! Ará ibẹ̀ tó ń bọ̀ wá rí dókítà ọpọlọ ní Ìbàdàn, owó ọkọ̀ ẹni méjì ni, torí ẹbí rẹ̀ ò ní í jẹ́ kó dá lọ. Iṣẹ́ oko ọjọ́ yẹn ti lọ, wọn ò tíì ra hóró oògùn kan.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ fluphenazine, tí wọ́n sábà máa ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá yẹ̀, ohùn tó ti dákẹ́ létí aláìsàn lè tún bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò á ní oògùn òyìnbó ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ o, àìrí i rà ni!

Kí ló mú oògùn wọ́n? Náírà já wálẹ̀ ní 2023, ilé-iṣẹ́ oògùn GSK sì kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún yẹn náà ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ. Ṣùgbọ́n òfin ò lè wo aláìsàn bí oògùn ò bá sí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ó sì ṣeé ṣe láti tọ́jú wọn níbẹ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ní Ọ̀ṣun níṣẹ́ yìí. Ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín léèrè: oògùn ọpọlọ wo ló wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa?